Oko Ẹ̀bá Títì

"Òkú." Narelle tẹ̀ síwájú. "Òkú. Òkú. Eléyìí náà, òkú."

Bó ṣe ń pè é ló ń fi ìka méjì fa igi kékeré náà tu, wẹ́rẹ́, bí ẹni fa òwú yọ lára aṣọ, a sì jù ú sẹ́yìn láìwò ó. Ọ̀gbẹ́ni Parmenter, tí ilé-iṣẹ́ pákó rán wá láti ka iye igi tó yè, ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé àti gègé. Clem Haddrick, bàbá Narelle, ló di orí okùn ìwọ̀n mú. Wọn ò nílò okùn náà mọ́. Láti ìlà kìíní ni kò ti sí nǹkan kan láti wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó ju okùn sílẹ̀, ó sì dára kí ọwọ́ àgbàlagbà rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Oṣù kejì ni, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ilẹ̀ dáadáa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù, eṣinṣin ti ń wá omi lójú èèyàn. Koríko kan ti gbẹ láàárín àwọn igi tó kú, ó funfun, ó ga dé orúnkún, ó sì ṣù mọ́ ìdí igi kọ̀ọ̀kan bí ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbìn. Ráì ni wọ́n ń pe koríko náà. Òun ló mu omi tó yẹ kí igi mu. Igi yúkálíptọ́ọ̀sì wọ̀nyí kò tíì ga ju igbọ̀nwọ́ kan lọ nígbà tí ráì yọ sí wọn lórí, nígbà tí oòrùn Kérésìmesì sì dé, kò sí ẹ̀kán omi kan nílẹ̀ fún wọn mọ́.

Ní ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún, Narelle dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Parmenter náà dúró. Láti ibẹ̀ lọ, títí dé ìlà kẹrìnlélógún tó gbẹ̀yìn, gbogbo igi ló yè. Wọ́n ga dé àyà, ewé wọn ń dán, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì mọ́ féfé.

"Ilẹ̀ kan náà nìyí?" ni Ọ̀gbẹ́ni Parmenter béèrè.

"Ilẹ̀ kan náà ni."

"Ṣé ìgbà kan náà lẹ gbìn wọ́n?"

"Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nínú oṣù keje."

"Kí ló wá yàtọ̀?"

"Ọkọ mi ló yàtọ̀." Narelle rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú rẹ̀. "Èmi ni mo fín oògùn sí ìlà mẹ́wàá yìí. Wes ló fín mẹ́rìnlá tó kù. Koríko ò kú, ó tún fín in. Kò kú, ó tún fín in. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Mo ní, 'Wes, wàá fi oògùn yìí sun àwọn igi jóná o.' Ṣé ó gbọ́? Ó sun wọ́n, ó sì gbéra, ó lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Parmenter bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi kan tó ti kú. Ó fi gègé tú koríko jíjẹrà kan tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. "Èwo ni koríko gbígbẹ tí ẹ tẹ́ sí ìdí wọn yìí?"

Clem bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn ìwọ̀n náà mọ́ ọwọ́.

"Ti Dádì ni," ni Narelle dáhùn. "Kí ọ̀rinrin má baà fò kúrò nílẹ̀ ni, iyanrìn ló pọ̀ lórí òkè yìí. Ìgbà tí a dé ìlà kẹrìnlá ló tán. Ẹ má wulẹ̀ wo ibẹ̀ rárá, láti oko ẹ̀bá títì ló ti wá. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, èpò kan ò hù rí lóko bàbá mi."

Ọ̀gbẹ́ni Parmenter gbójú sókè wo Clem. Kò wò ó pẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?"

"A máa ń gbìyànjú," ni Clem wí.

Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ò lè gba oko náà bó ṣe wà yìí, pé kí Narelle fa òkú igi tu, kó jẹ́ kí òjò oṣù kẹrin dé ná. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Narelle rìn padà sí ìlà kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi tu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ oko ẹ̀bá títì yìí, nítorí òun ló bí gbogbo rẹ̀.

Ní agbègbè tiwa, ẹnu kọ́ ni a fi ń sọ irú àgbẹ̀ tí èèyàn jẹ́. Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kálukú á gbé ìyàwó rẹ̀ sínú píkọ́ọ̀pù, wọn á máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀, wọn á máa yọjú wo oko oníkálukú láti orí títì. Ohun tó wà lẹ́yìn òkè, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Èyí tí títì rí ni oko. Bí oko bá mọ́ tí wọ́n sì bá ẹni tó ni ín lẹ́nu wáyà tó yí oko náà ká, awakọ̀ á gbé ìka kan sókè lórí sítíárì, kò ní ju ìka kan lọ, á sì kọjá. Ìka yẹn ni oyè wa. Ogójì ọdún gbáko ni wọ́n fi gbé e fún Clem Haddrick, kò sì sí ohun mìíràn tí Clem tún bẹ̀ lọ́wọ́ ayé, àfi Dulcie ìyàwó rẹ̀ àti Narelle ọmọ rẹ̀.

Oògùn kan ṣoṣo ló fi ń pa koríko. Láti ìgbà tí Narelle ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń lò ó, kò sì já a kulẹ̀ rí. Ní ọdún kejì sẹ́yìn, nínú oṣù kẹwàá, ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ráì láàárín àlìkámà rẹ̀, lẹ́nu títì gan-an, ó tutù yọ̀yọ̀. Oògùn náà ti fọwọ́ bà á, ó sì ti kọ̀ láti kú. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ọ́ nípàdé pé koríko ń gbó mọ́ oògùn, pé kí àwọn àgbà pààrọ̀ ọ̀nà. Clem ló máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ jù. "Koríko yín ló ń gbó," á ní, "tèmi mọ olówó rẹ̀."

Ọjọ́ Friday ni. Sunday ń bọ̀. Kí ni àgbàlagbà yìí ṣe? Ó gé ẹ̀bá títì náà kanlẹ̀ pẹ̀lú àlìkámà inú rẹ̀, ó dì í ní ìdì ìdì, ó kó o pamọ́ sẹ́yìn àká. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní àwọn àgùntàn òun ló nílò oúnjẹ. Ó ti pẹ́ kó tó gé e. Orí ráì náà ti gbó. Ó mọ̀. Nígbà tí Narelle wá ní òun ń wá koríko gbígbẹ tí òun á tẹ́ sí ìdí igi, ó tún mọ̀. Ṣùgbọ́n Dulcie kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ ìsìnkú. Ó ní igi yìí ló máa jẹ́ kí òun àti Wes lè dúró sílé, kí Wes má padà sí ibi ìwakùsà mọ́. Clem ní, "Mo ní koríko tó mọ́." Ó sọ fún ara rẹ̀ pé irúgbìn inú rẹ̀ á ti jẹrà. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn tẹ́ ẹ, lórí ìkúnlẹ̀, igi kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú ìfẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Clem mọ òwe yìí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé èèyàn lè jókòó sílé kó máa wo òtítọ́ bó ṣe ń rìn bọ̀, kó má sì lè dìde. Ó wà nídìí tábìlì ní alẹ́ ọjọ́ tí Narelle sọ fún Wes pé aláìníṣọ̀ọ́ra ni. Ó wà ní fàráǹdà lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, nígbà tí mọ́tò Wes ń jáde, tí Narelle gbá bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ mú, tó sọ ọ́ tẹ̀lé mọ́tò náà lẹ́nu géètì. Bàtà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Èkíní dojú dé, èkejì dúró bí ẹni ń retí èèyàn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Clem mú kọ́kọ́rọ́ píkọ́ọ̀pù. Fóònù ilé wà lára ògiri ilé ìdáná, Narelle sì jókòó tì í, ó ń bu omi bọ́jú. Fóònù alágbèéká ní tirẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló ti ń gbọ́ràn ní gbogbo ilẹ̀ náà: ìkangun oko ẹ̀bá títì. Ó wà á débẹ̀. Ó dúró lẹ́nu wáyà. Ó tẹ nọ́ńbà Wes.

"Wes, Clem ni."

"Mo rí i. Ṣé kò sí nǹkan? Narelle ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ le. Wọ́n wá ka igi lónìí."

"Mélòó ló yè?"

"Ìlà mẹ́wàá."

Ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn Wes, ohùn obìnrin kan ń pe orúkọ àwọn ìlú. "Mẹ́wàá tí kò ní koríko nídìí," ni Wes sọ jẹ́jẹ́.

Clem di wáyà mú.

"O mọ̀?"

"Bàbá, ta ló gbá inú tírélà nígbà tí a já koríko tán? Èmi ni. Irúgbìn tó wà nílẹ̀ rẹ̀ kún ṣọ́bìrì. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án tí mo fín oògùn tí kò kú, mo ti mọ̀. Mo kàn ń fín in ni, bóyá Ọlọ́run á ṣàánú wa."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ń retí yín ni. Mo ní ẹ ó sọ ọ́." Wes fa imú. "Ẹ ò sọ ọ́. Èmi náà rò ó. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ló kù tó ń wò lókè. Èèyàn lè rí ọkọ mìíràn, Bàbá."

Omi bọ́ sílẹ̀ lójú Clem, kò sì nù ún. "Ibo lo wà?"

"Pápákọ̀ òfurufú, ní Perth. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ kan ní Queensland, lódìkejì ilẹ̀ yìí, ọdún méjì. Aago mẹ́ta la ó gbéra."

"Má wọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, Wes."

"Narelle ló ní kí n má pe òun mọ́. Tí òun bá pè mí kí n tó wọlé sínú ọkọ̀, n ó gbé àpò mi, n ó máa bọ̀. Òun o, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ó máa pè ọ́. Mo ń lọ sọ fún un báyìí."

Aago méjì kò tíì lù. Láti ibẹ̀ dé ilé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Clem ti di ìlẹ̀kùn mọ́tò mú nígbà tí píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé kan rọra dúró lórí títì. Merv Tilbrook ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, òun sì ni ìwé ìròyìn agbègbè wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Clem! Wò ó, oko yìí mọ́ bí ilé ìyàwó tuntun. Ṣé o máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá a ni?"

"Ìwọ lọ gbá tìẹ, kí èpò má baà gbé àgùntàn rẹ mì."

"Ó ti gbé méjì mì lóṣù tó kọjá!" Merv rẹ́rìn-ín, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àmì pé ó fẹ́ pẹ́. Ó sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀. Clem ń wo aago lọ́wọ́ ara rẹ̀, kò sì lè sọ pé òun ń kánjú, nítorí ẹni tó bá ń kánjú, Merv á bi í pé kí ló dé. Nígbà tó yá, Merv rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo pàdé ọkùnrin onípákó yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọkọ ọmọ rẹ ló fi oògùn sun gbogbo igi ọ̀hún."

Ibí yìí gan-an ló ti yẹ kó sọ òtítọ́. Clem mọ̀ pé ibí yìí ni. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fín in," ni ó wí.

Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ìyẹn ló sì burú jù nínú rẹ̀. Merv mi orí. "Àwọn ọmọdé òde òní. Wọn kì í bi àgbà." Ó ṣáná sí mọ́tò. Bó ṣe ń lọ, ó gbé ìka kan sókè lórí sítíárì. Ọwọ́ Clem gbé ìka tirẹ̀ sókè kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

Ó jókòó sínú mọ́tò. Aago méjì ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó kàn wà á lọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ sọ ti wúwo sí i báyìí, nítorí Merv ti gbé òdìkejì rẹ̀ lọ sí ìlú. Bí òun bá sọ fún Narelle, lọ́la gbogbo adúgbò á gbọ́ méjèèjì. Lójú ọ̀nà, ó rántí agbada omi àwọn àgùntàn. Ó yà síbẹ̀. Omi ń dà nù díẹ̀ níbẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó tú ẹnu páìpù náà, ó fọ̀ ọ́, ó tún un dè, ó tún tú u. Kò sí ohun tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn àgùntàn dúró yí i ká, wọ́n ń wò ó, kò sì lè wo ojú wọn. Nígbà tó tún wo aago, aago mẹ́ta kù ìṣẹ́jú méjì. Ìgbà yẹn ló tó sáré.

Narelle ti padà sórí òkè. Ó wà ní ìlà kẹta, lórí ìkúnlẹ̀, òkìtì igi gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ tó ń mí helehele láìdé fìlà.

"Dádì, kí ló ń lé yín? Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Oòrùn yìí ò dáa fún yín."

Clem ò jókòó. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró. Ó sọ ti ráì tó kọ oògùn, ti Friday tó gé e, ti ẹ̀yìn àká. Kò ju gbólóhùn mẹ́fà lọ. Ohun tó jẹ ẹ́ lọ́kàn fún oṣù méje, gbólóhùn mẹ́fà ló gbà.

Narelle ò pariwo. Ó ń wo igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbòǹgbò igi náà kéré, ó dúdú. Gbòǹgbò ráì ti wé mọ́ ọn yíká bí irun, bí ó sì ti fa igi tu, ráì náà bá a wá.

"Wes mọ̀?"

"Ó mọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án. Mo bá a sọ̀rọ̀ lónìí. Narelle, ó wà ní pápákọ̀ òfurufú, ó ní tí o bá pè é kí aago mẹ́ta tó..."

Ó ti dìde. Ó ti ń sáré. Clem ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè náà, irun rẹ̀ tú, bàtà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, bó ṣe máa ń sá lọ pàdé bọ́ọ̀sì ilé-ìwé nígbà tó wà ní kékeré. Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná gbá. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo pa rọ́rọ́.

Ó pẹ́ kó tó jáde, aago mẹ́ta ti kọjá, ọkọ̀ òfurufú Wes ti gbéra. Nígbà tó jáde, kò sáré mọ́. Ó kọjá lára mọ́tò, ó rìn dé ẹnu géètì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mú bàtà Wes méjèèjì. Ó gbọn iyanrìn inú wọn dànù. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu èkíní, ó nu èkejì, ó gbé wọn padà sórí fàráǹdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó tò wọ́n pọ̀ kí ẹnu wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì wọ́n. Kò wo apá òkè.

Clem kúnlẹ̀ síbi tó ti dìde, ó fa igi tó kàn tu, kó ṣáà lè máa ṣe nǹkan. Títì wà lábẹ́ òkè náà, mọ́tò kan sì ń bọ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá Merv ló ń padà sílé. Ọwọ́ Clem tún ń gòkè lọ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kó tó rí i pé ráì wà nínú rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra orí koríko náà, ó rà á, ó rà á, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti gbọn gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń retí òjò oṣù kẹrin.